Ìgbéyàwó yàtọ̀ sí ìwé ìgbélùú: àlàyé fún ẹni tó fẹ́ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè

“Ọmọ ìlú yẹn ni mo fẹ́, èmi náà ti di ará ibẹ̀ nìyẹn.” Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ará òkèèrè ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, tẹbí tọ̀rẹ́ á sì máa kín wọn lẹ́yìn. Àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré rárá. Òun ló ń mú kí ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí físà tó jáde. Òun ló ń mú kí ẹlòmíì gúnlẹ̀ sókè òkun kó tó mọ̀ pé ìwé tó wà lọ́wọ́ òun kò fún òun láyè láti ṣiṣẹ́. Òun náà ló ń mú kí ẹlòmíràn máa fara da ìyà nínú ilé, torí ó gbà pé ọjọ́ tí òun bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n máa lé òun kúrò nílùú.

Nǹkan mẹ́rin la sábà máa ń dì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Físà, ìyẹn àṣẹ láti wọ ìlú, wà lọ́tọ̀. Ìwé ìgbélùú, tó jẹ́ àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí lọ, wà lọ́tọ̀. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tòun ti pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, tún wà lọ́tọ̀. Òfin tó de ọ̀kan kọ́ ló de èkejì. Tọkọtaya lè ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí kò ní àléébù kankan, kí wọ́n sì fi físà du ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé owó tó ń wọlé fún èkejì kò tó. Àìrí físà gbà yẹn kò ba ìgbéyàwó wọn jẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ìgbéyàwó nìkan kò tó ṣílẹ̀kùn ni.

Èrò tó dì wọ́n pọ̀ yìí ní ibi tó ti wá o. Nígbà kan rí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn, pàápàá fún obìnrin. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1907 sọ ọ́ di dandan pé obìnrin tó bá fẹ́ àjèjì ti di ọmọ ìlú ọkọ rẹ̀. Ó pàdánù tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ kúrò ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Ọdún 1922 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà ká. Ní ìlú Ọba, irú òfin bẹ́ẹ̀ wà títí di ìparí ọdún 1948. Nígbà tó di ọdún 1957, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn kan lórí ipò obìnrin tó wà nílé ọkọ. Ó ní ìgbéyàwó tàbí ìkọ̀sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé yí orílẹ̀-èdè obìnrin padà, ó sì ní kí wọ́n la ọ̀nà tó rọrùn ju ti àjèjì yòókù lọ fún ìyàwó tó bá fúnra rẹ̀ béèrè láti di ọmọ ìlú ọkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn yẹn la ń rí nínú òfin ọ̀pọ̀ ìlú títí dòní, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń gbà á báyìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní ìwé ìgbélùú, tó sì ń bá ọmọ Amẹ́ríkà gbé gẹ́gẹ́ bí ọkọ tàbí aya, lè béèrè láti di ọmọ ìlú lẹ́yìn ọdún 3, nígbà tí àwọn yòókù ń dúró fún ọdún 5. Ní Sípéènì, ọdún 1 péré ni ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú nílò, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 10 ni òfin là sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àjèjì. Ìyẹn ni pé wọ́n á dín àsìkò kù fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa dúró, ẹ ṣì máa béèrè, wọ́n sì lè sọ pé rárá.

Kí wọ́n tó dé orí físà rárá, ohun tí òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìgbéyàwó náà wà lójú òfin. Lọ́pọ̀ ìlú, bí ìgbéyàwó bá ti bá òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é mu, wọ́n á gbà á. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òfin yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Faransé àti Jámánì, èyí tí wọ́n bá ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin mọ̀. Tọkọtaya tó bá ṣe ti ẹ̀sìn níbẹ̀ láìṣe ti ìjọba ò tíì ṣègbéyàwó lójú òfin, bí èrò tó péjọ ti wù kó pọ̀ tó. Ẹni tó bá ti ní ọkọ tàbí aya tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn pé kóòtù ti tú ìyẹn ká pátápátá, tàbí pé ẹni náà ti kú. “A ti pínyà ó ti pẹ́” kò wúlò níbẹ̀. Bí ọkùnrin bá sì ti ní ìyàwó kan tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní ìlú Yúróòpù, òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2003 lórí mímú ẹbí wá sílùú kò fàyè gba mímú ìyàwó kejì wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orúkọ yín dáadáa lórí gbogbo ìwé kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ láàárín ìwé ìbí àti pásípọ́ọ̀tù, tí orúkọ àárín wà lórí ìkan tí kò sí lórí èkejì, tàbí tí ọjọ́ ìbí fi ọjọ́ kan lé síra, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò kò mọ̀ yín rí. Ohun tó rí ló máa gbà, ẹni méjì ló sì rí yẹn. Àtúnṣe irú èyí máa ń pẹ́ ju físà fúnra rẹ̀ lọ nígbà míì, nítorí ilé iṣẹ́ tó kọ ìwé ọ̀hún ló gbọ́dọ̀ tún un kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan onígbọ̀wọ́, ibi tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù lọ. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún ló ń dúró fún ẹni tó ń bọ̀, ìjọba á sì yẹ àpò rẹ̀ wò kínníkínní. Ní ìlú Ọba, láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, iye tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún un lọ́dún ti di £29,000. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀ lè máa gba owó ńlá níbi iṣẹ́ tó ń ṣe nílùú tó ń gbé, wọn kò ní ka owó oṣù yẹn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í mọ èyí àfi ìgbà tí wọ́n bá ti sanwó fọ́ọ̀mù tán. Ní Amẹ́ríkà, onígbọ̀wọ́ á fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní I-864, tó fi ṣèlérí pé òun á gbọ́ bùkátà ẹni tí òun ń mú bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí pé owó tó ń wọlé fún òun tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba fi ń díwọ̀n ìṣẹ́. Ìkọ̀sílẹ̀ kò fagi lé ìlérí yìí. Ó wà lọ́rùn onígbọ̀wọ́ títí ẹni tó mú wá á fi di ọmọ ìlú, tàbí tó fi ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ọdún 10, tàbí tó kúrò nílùú pátápátá, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn kú. Kánádà ní tirẹ̀ fi ọdún 3 de onígbọ̀wọ́ ọkọ tàbí aya. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé “ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀” ò tíì ka ìwé ọ̀hún.

Àwọn ìlú kan á tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ èdè wọn díẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni ti Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni ti Nẹ́dálándì, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ìlú Ọba láti ọdún 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin yọ àwọn kan sílẹ̀. Ìwọ̀n àkọ́kọ́, A1, ni wọ́n máa ń béèrè: kí ẹ lè kí èèyàn, kí ẹ sọ orúkọ àti ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ béèrè nǹkan tó rọrùn. Ó ṣeé kọ́ láàárín oṣù mélòó kan.

Wọ́n á tún fẹ́ mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló so yín pọ̀ àbí ìwé. Àwọn kan máa ń bínú sí ìbéèrè yìí, inú bíbí ọ̀hún sì yé mi, torí ta ló fẹ́ kí àlejò máa wádìí yàrá rẹ̀? Àmọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn ń wá kò ju pé kí ìtàn ẹni méjì bára mu lọ: ibi tí ẹ ti pàdé, ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fojú kanra, ta ló mọ̀ pé ẹ ń fẹ́ra, kí ni iṣẹ́ ẹnì kejì yín, àbúrò mélòó ló ní. Fọ́tò tí ẹ yà pẹ̀lú àwọn òbí àti ọ̀rẹ́ ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wúlò ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ yà lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ. Ọ̀rọ̀ orí fóònù, ìwé ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ fi lọ wo ara yín, owó tí ẹ jọ ná, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ìdáhùn sórí. Tọkọtaya tòótọ́ máa ń gbàgbé nǹkan, wọ́n sì máa ń rántí nǹkan kan náà lọ́nà tó yàtọ̀ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí físà bá wá jáde, ìdúnnú á ṣubú layọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ kí ẹ jókòó ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Físà K-1 ti Amẹ́ríkà, fún àfẹ́sọ́nà ọmọ ibẹ̀, fún yín ní ọjọ́ 90 péré láti fi ṣègbéyàwó lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, kò sì fún yín láṣẹ láti ṣiṣẹ́ títí ayé; ẹ ṣì máa béèrè ìwé iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ọkọ tàbí aya, tí ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọdún 2 lọ́jọ́ tó wọlé, green card (ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà) ọlọ́dún 2, tó dà bí ìwé ìdánwò, ni wọ́n máa fún un. Láàárín ọjọ́ 90 tó ṣáájú ọjọ́ tí káàdì náà máa kú, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ kọ̀wé láti mú àmì ìdánwò yẹn kúrò. Ẹni tó bá gbàgbé ọjọ́ yìí ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Ní ìlú Ọba, físà àkọ́kọ́ tí ẹni tó ti òkèèrè wá máa ń gbà jẹ́ oṣù 33. Ẹ ó tún un ṣe, nígbà tó bá sì pé ọdún 5, ẹ lè béèrè ìwé ìgbélùú títí lọ. Ẹ lè ṣiṣẹ́ lórí físà yìí láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba kò sí fún yín.

Ní báyìí, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ rèé. Ẹni tó tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ sókè òkun ń gbára lé ẹni kan ṣoṣo lọ́nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé rẹ̀, owó rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ akọ̀wé àgbà níbi tó ti ń bọ̀, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹjọ́rò. Tó bá dé ibẹ̀, ó di dandan kí wọ́n tún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún. Ilé tí wọ́n ń gbé, orúkọ ẹnì kejì ló wà lórí ìwé rẹ̀. Iná, omi, fóònù, àkáǹtì báńkì, orúkọ ẹnì kejì náà ni. Kò sí ìkà kankan nínú ìyẹn, ẹnì kejì ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí ọdún kan bá kọjá tí nǹkan ṣì rí bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ti di ẹni tó ń tọrọ owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá dókítà kan. Ìyàwó jókòó, ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dókítà kọjú sí wọn. Ìyàwó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì: bí inú rírun ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí kò ṣe rí oorun sùn, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á nítorí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá rẹ̀ náà nìyẹn. Ọkọ yíjú sí dókítà, ó sọ gbólóhùn kan. Dókítà tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ọkọ sì dá a lóhùn láìbi ìyàwó. Ọkùnrin yìí kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ó fẹ́ràn aya rẹ̀, ó gbàyè níbi iṣẹ́ kó lè bá a wá, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan nílé ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba obìnrin yẹn, àti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó jù lọ fún dókítà, kò dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́.

Nítorí náà, ẹ má fi ọkọ tàbí aya ṣe ògbufọ̀ níbi ọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ní ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn máa ń wá ògbufọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ aláìsàn, lórí fóònù nígbà míì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹ ṣí àkáǹtì báńkì tó jẹ́ orúkọ yín lórí rẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́. Ẹ mọ ibi tí pásípọ́ọ̀tù yín wà, kó sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Onífẹ̀ẹ́ tòótọ́ kò ní bínú sí èyí. Òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ dábàá rẹ̀, kó sì mú yín lọ báńkì fúnra rẹ̀, nítorí òun ló mọ ọ̀nà.

Tí ilé bá wá dojú rú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń fi ìwé dẹ́rù bà kò mọ̀ pé òfin ti ro tiwọn. Amẹ́ríkà ṣe òfin lọ́dún 1994 tó jẹ́ kí ọkọ tàbí aya ọmọ ìlú, tàbí ti ẹni tó ní green card, tí ẹnì kejì rẹ̀ bá ń fìyà jẹ, lè kọ̀wé béèrè ìwé ìgbélùú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ kí aninilára náà mọ̀. Ìlú Ọba ní ọ̀nà kan tí ẹni tó wà lórí físà ọkọ tàbí aya ọmọ ìlú lè gbà béèrè ìwé ìgbélùú títí lọ bí ìwà ipá bá ti tú ilé náà ká. Ní Jámánì, lẹ́yìn ọdún 3 tí tọkọtaya bá ti jọ gbé níbẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé ẹnì kejì wá lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti dúró; tí ìwà ipá bá sì wà nínú ọ̀rọ̀, kò dìgbà tí ọdún yẹn bá pé. Kánádà tiẹ̀ fagi lé òfin kan lọ́dún 2017, èyí tó ń dá ọdún 2 lé àwọn tọkọtaya kan kí ìwé ẹni tó wọlé tó fìdí múlẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ó ń de àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ mọ́ ilé. Nítorí náà, “tí o bá jáde, màá ní kí wọ́n dá ọ padà” jẹ́ ìhàlẹ̀ tó sábà máa ń ju agbára ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa òfin ìwọlé-wọ̀de ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ.

Ọ̀rọ̀ àṣà ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé oúnjẹ, aṣọ àti ìkíni ni yóò dá ìjà sílẹ̀. Ìyẹn kì í pẹ́ yanjú, ó tiẹ̀ máa ń dùn láti kọ́. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí àṣà, tí kálukú gbà pé bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí èèyàn bá ní òbí, ṣé dandan ni kó máa fi owó ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, àbí ìgbà tí wọ́n bá béèrè? Tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ wá gbé pẹ̀lú wa fún oṣù mẹ́fà, ṣé ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ni, àbí ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ ni àrífín? Tí inú bá ń bíni, ṣé ọ̀wọ̀ ni kéèyàn dákẹ́, àbí ìwà ìkà? Ẹnì kan gbà pé tọkọtaya gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń dùn wọ́n lójú ẹsẹ̀; ẹnì kejì gbà pé ẹni tó bá gbọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa nínú wọn.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó àṣà méjì kì í sábà mẹ́nu bà: ibi tí ẹ ń gbé ló ń pinnu ẹni tó máa jàre. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ nílùú ọkọ, ìyá ọkọ gbà pẹ̀lú ọkọ, aládùúgbò gbà pẹ̀lú ọkọ, olùkọ́ ọmọ gbà pẹ̀lú ọkọ, títí kan ọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó nìkan ló dá dúró pẹ̀lú èrò tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ni kò mọ nǹkan kan. Ká sọ pé ìlú ìyàwó ni wọ́n ń gbé ni, ọkọ ni ìbá wà ní ipò yẹn. Nítorí èyí, ẹni tó wà nílùú tirẹ̀ ló ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù láti ṣe. Òun ló yẹ kó kọ́ èdè ẹnì kejì, bó ti wù kó mọ níwọ̀n. Níbi àpèjẹ ẹbí, tí gbogbo èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí àlejò kò gbọ́, òun ló yẹ kó yíjú padà kó sọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún un, láìdúró kí wọ́n bi í. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn jọ lójú ẹni tó ń sọ èdè yẹn látìgbà èwe. Lójú ẹni tó ti jókòó fún wákàtí mẹ́ta tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan, kì í ṣe kékeré rárá.

Ọ̀rọ̀ dúkìá máa ń rú èèyàn lójú, nítorí pé ìlú tí ẹ ti ṣègbéyàwó kọ́ ni òfin rẹ̀ sábà máa ń darí rẹ̀. Ní àwọn ìlú 18 ní Yúróòpù, fún àwọn tó ṣègbéyàwó láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2019, bí tọkọtaya kò bá yan òfin kankan, òfin ibi tí wọ́n kọ́kọ́ jọ fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn ìgbéyàwó ló máa ń mú wọn. Ní Jámánì, kálukú ló ni dúkìá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú ká, wọ́n á ṣírò ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi lọ sókè nígbà ìgbéyàwó, ẹni tó jèrè jù á sì san ìdajì ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kejì. Ní Califọ́níà, ohun tí ẹ bá rí nígbà tí ẹ jọ wà, ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Àdéhùn tí ẹ bá kọ níwájú agbẹjọ́rò kí ẹ tó ṣègbéyàwó lè yí púpọ̀ nínú èyí padà. Tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú yín ní èdè tí ẹ kò gbọ́, ẹ má fọwọ́ sí i títí agbẹjọ́rò tiyín, tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, á fi kà á fún yín.

Kí ẹ tó gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ béèrè bóyá tàtijọ́ máa ṣẹ́kù. Japan kò fẹ́ kí àgbàlagbà tó di ọmọ ibẹ̀ di ìwé ìlú mìíràn mú. Ọmọ Íńdíà tó bá gba ìwé ìlú mìíràn ti pàdánù ti Íńdíà. Jámánì ní tirẹ̀ ti gbà kí èèyàn di méjì mú láti oṣù Kẹfà ọdún 2024.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọmọ, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. Bí ìgbéyàwó bá tú ká lókè òkun, ẹni tó tẹ̀ lé ẹnì kejì wá kò kàn lè kó àwọn ọmọ kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Àdéhùn Hague ti ọdún 1980, tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ti fọwọ́ sí, sọ pé bí òbí kan bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò níbi tí ọmọ náà ń gbé, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òbí kejì tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n dá ọmọ náà padà kíákíá. Kóòtù tó bá ń gbọ́ ẹjọ́ yìí kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyá ló dáa jù ni àbí bàbá. Kóòtù ìlú tí ọmọ ń gbé ló máa ṣe ìyẹn. Àwọn àyè díẹ̀ wà tí wọ́n lè fi kọ̀, bí ewu ńlá bá wà fún ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí i fún gbogbo èèyàn. Òbí tó rò pé òun ń sá bọ̀ wálé lè di ẹni tí wọ́n pè ní ajọ́mọgbé, kó sì ba ẹjọ́ tó yẹ kó jàre jẹ́ fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí oyún tó dé: ìlú wo ni a ó ti bímọ, èdè wo ni a ó máa bá a sọ, orílẹ̀-èdè wo ni yóò jẹ́, ìgbà wo ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà tó wà lókèèrè, ta ni yóò sì máa sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Nígbàkigbà tí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ nìkan mú ọmọ rìnrìn àjò jáde nílùú, kódà nígbà tí ìfẹ́ bá dán mọ́rán, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnì kejì tó sọ ọjọ́ àlọ, ọjọ́ àbọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti ìbuwọ́lù rẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ náà tì í. Àwọn aṣọ́bodè ní ọ̀pọ̀ ìlú máa ń béèrè fún un, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sì lè béèrè kí ẹ tó wọkọ̀.